Ìwé Tó Sọ Pé Orí Ẹ̀gbọ́n Mi Pé

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé orí ẹ̀gbọ́n mi pé, ẹ̀gbọ́n mi tí kò lè dá ti ọjà Tchatchou délé mọ́.

Ìwé náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó nípọn, ó ń dán. Wọ́n ya ọmọkùnrin kan sí èèpo iwájú rẹ̀, tó fò sókè fi orí kan bọ́ọ̀lù, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti kékeré tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù, n kò tíì rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bà á lórí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti àwòrán sílẹ̀. Bí mo bá ti orí èèpo bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, a ò ní dé inú ìwé lónìí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ kan wá sí agbègbè wa, wọ́n yẹ àwọn tó ti fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ rí wò, wọn kò sì rí àmì kankan pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi orí kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún ba ohunkóhun jẹ́ nínú orí wọn. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ògbufọ̀ ìlú Tchaourou fún iṣẹ́ takuntakun tó ṣe. Èmi ni ògbufọ̀ náà. Mo gbọ́ ìdúpẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí iṣẹ́ takuntakun náà ṣe rí.

Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbá. Lórí pápá oníyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè wa ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó lọ sí Cotonou, kó tó tún ré aṣálẹ̀ kọjá lọ sí ìlú kan tí bọ́ọ̀lù ti jẹ́ iṣẹ́ oṣù. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ṣe é. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn kò ṣòroó ṣàlàyé: bọ́ọ̀lù tó bá ń bọ̀ láti òkè, orí ni kó fi dá a padà. Ó sọ fún mi pé láràárọ̀, kí wọ́n tó jẹun, kóòṣì á máa ju bọ́ọ̀lù sí i, òun á máa kàn án padà, títí ọwọ́ kóòṣì á fi rẹ̀. "Ọwọ́ tiẹ̀ ló máa ń rẹ̀," ó máa ń fọ́nnu. "Orí mi kì í rẹ̀." Bó bá wálé fún ìsinmi, gbogbo Tchaourou á máa pariwo lé e lórí: "Orí Irin! Orí Irin!" Ìyá wa nìkan ni kì í bá wọn pariwo. Ó ní, "Irin a máa dógùn-ún o." A rò pé ó ń ṣàwàdà ni. A rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà wálé wá dá oko iṣu àti oko kajú. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ bí ìjì. Á mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́, á máa wá a káàkiri ilé. Á pè mí ní orúkọ àbúrò bàbá wa tó ti kú tipẹ́, èmi náà á sì dáhùn, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ẹni tí kì í bínú rí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwo mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ rán an lọ ra ọkọ́ méjì ní ọjà Tchatchou. Títì ọlọ́dà kan ṣoṣo ló yẹ kó gbà lọ, kó gbà bọ̀. Ọ̀nà Kika, tí kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀ rárá, ni wọ́n ti rí i lọ́jọ́ kejì, ó ń ti alùpùpù tí epo ti tán nínú rẹ̀. Obìnrin Fúlàní kan tó ń ta wàrà wàgáṣì ló dá a mọ̀, ó fún un lómi, ó jókòó tì í lábẹ́ igi èmí títí a fi dé. Ọkọ́ méjèèjì wà lẹ́yìn alùpùpù, ó so wọ́n dáadáa. Ilé nìkan ló sọnù.

Ìlú wa kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà láìní àlàyé. Àwọn kan ní ọtí ni, ẹni tí kò fi ẹnu kan ọtí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tí kì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, pé oko ló ń sá fún. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n wà ní Savè, ní ìwà ìkà ni ní tiwọn: ó mọ ohun tó ń ṣe, àbúrò àwọn ló fẹ́ fi ìyà jẹ, àwọn á sì wá mú un padà sílé. Ìyàwó kò bá wọn jà. Ohun tó ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹ ní sùúrù. Àwọn dókítà ń bọ̀ wá yẹ orí àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù wò. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, ìwé wọn á sọ ọ́." Ohun tí gbogbo wa ń retí nìyẹn. A kò tilẹ̀ retí ìwòsàn. Ìwé lásán la fẹ́, ìwé kan tí yóò sọ fún ayé pé àìsàn ni, kì í ṣe ìwà.

Wọ́n dé lóòótọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ funfun méjì. Nítorí pé mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ ní yunifásítì, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ní kí n wá ṣe ògbufọ̀ fún àwọn. Inú mi dùn. Wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe ìwádìí. Mo fẹ́ fi ojú mi rí ọ̀kan tí wọ́n ṣe dáadáa. Mo ṣì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Olórí wọn jẹ́ dókítà onírẹ̀lẹ̀, ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì bọ èèyàn lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé òun náà ni dókítà àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí díẹ̀ nínú àwọn tí a fẹ́ yẹ̀ wò ti gbá bọ́ọ̀lù fún. Ìbéèrè kan wà lórí fíṣì wa, bébà tí a ń kọ ìdáhùn sí: ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹni yìí fi orí ṣèṣe lórí pápá, gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ? Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni orí ṣe sọ. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti sọ bí ìwé ẹgbẹ́ ṣe rí fún mi, nígbà tó ṣì ń rántí. Bí èèyàn bá fi orí gbá orí tó ṣubú, ọkùnrin kan á sáré wọlé pẹ̀lú ike omi, á da omi tútù sí i lórí, á na ìka sókè: "Mélòó nìyí?" Bó bá ní méjì, ó yá, dìde. Bó bá ní mẹ́rin, wọ́n á tún da omi sí i. Omi kì í kọ nǹkan sínú ìwé. Níbi tó yẹ kí iye ìpalára ẹ̀gbọ́n mi wà, dókítà kọ òdo, ó sì fà á yípo rìbìtì bíi bọ́ọ̀lù.

Bí a ṣe pe àwọn èèyàn náà jọ, n kò lè gbàgbé rẹ̀ bí mo tilẹ̀ fẹ́. Lọ́jọ́ Ajé la tẹ̀ wọ́n láago lórí fóònù. A ní kí kálukú wá sí gbọ̀ngàn ìlú ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹni tó bá wá, a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò bá wá, a kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò fẹ́ kópa.

Mo lọ bá olórí. Mo ní, "Dókítà, ẹ dárí jì mí. Ṣé kì í ṣe ẹni tó ń gbàgbé nǹkan là ń wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, monsieur."

"A wá ní kó rántí wá?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "Ẹ̀yin tíṣà! Ètò ni, monsieur. Ètò ni ètò ń jẹ́."

Ọkùnrin kan wà ní Sanson tó ti ṣe aṣọ́lé, gólì, fún ẹgbẹ́ ńlá kan rí. Kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ sí ilé rẹ̀ fúnra mi. Ìyàwó rẹ̀ ní láti ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti wẹ̀, tó di okùn bàtà rẹ̀, tó lọ jókòó sábẹ́ igi kajú tó wà lójúde. Kò sọ ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́rú ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ibẹ̀ ló wà títí oòrùn fi wọ̀, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì tí yóò kó wọn lọ sí pápá. Mo ròyìn rẹ̀ fún olórí, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí a lọ bá ọkùnrin náà nílé. Ó ní àkókò ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá. Lórí fíṣì, ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta múra sílẹ̀ kò fẹ́ kópa.

Wọ́n tún nílò àwọn tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, kí a lè fi orí wé orí. Ó tọ̀nà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa náà nìyẹn. Ta ni wọ́n wá kó wá? Àwọn zém, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, nítorí pé wọ́n wà ní ẹ̀bá títì nítòsí, ọwọ́ wọn sì dilẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó ti ṣubú fi orí sọlẹ̀ rí.

"Tonton, ṣé ti ọdún yìí lẹ ń bi mí, àbí láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Ẹnìkejì rẹ̀ já lu ọ̀rọ̀: "Ẹ má dá a lóhùn, tonton. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ewúrẹ́ ló lọ kọlù. Ewúrẹ́ dìde, ó bá tiẹ̀ lọ. Òun la gbé."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kò sí àyè fún ewúrẹ́ lórí fíṣì, nítorí náà a kò kọ ọ́. Nígbà tí ìwé jáde, ó ní orí àwọn agbábọ́ọ̀lù kò burú ju orí àwọn ará ìlú yòókù lọ. Mo gbà. Kò burú ju ti ẹni tí ewúrẹ́ borí lọ.

Èyí tó kù jẹ́ tèmi, n kò sì ní fò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ní Ọjọ́bọ̀ náà nítorí pé ìyàwó rẹ̀ gbé e wá lẹ́yìn alùpùpù. Inú gbọ̀ngàn móoru, ni ọ̀dọ́bìnrin tó ń béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ Cotonou tí kò gbọ́ èdè wa, bá gbé tábìlì rẹ̀ jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Òfin ìwádìí ní ẹni tí a ń bi léèrè gbọ́dọ̀ dá wà. Mo sọ òfin náà fún àbúrò bàbá wa obìnrin tó ti ń dúró dè wá níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Tata. Tata wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ fún àlejò? Kí ló jí?"

Ó fa àga sún mọ́ ọn. Bí Tata ṣe jókòó, ìyàwó jókòó. Bí ìyàwó ṣe jókòó, àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Kò pẹ́ tí èrò fi yí wa ká bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tonton, ẹ bi wọ́n pé ọdún wo la wà yìí."

Mo béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí Tata.

"Ọdún wo la wà?" Tata ló gbà á. "Ọmọ tó kàwé tó báyìí ni kò mọ ọdún? Wọn ò ní kàlẹ́ńdà ní Cotonou ni?"

Èrò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Ojú àlejò ló ń tì í."

"Kí ni wọ́n wí?" ọ̀dọ́bìnrin náà bi mí.

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Mo sì sọ ọdún náà fún ọ̀dọ́bìnrin náà ní Faransé, ketekete, bí ẹni pé ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ló ti jáde.

Ó ní kí n bi í pé kí ló ṣe láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Mo fẹ́ lọ gbé ìyá mi lóko. Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀." Ìyá wa ti kú. Tata tẹ orí ba. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé ó ní òun ń múra àtilọ sí oko. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irọ́ nínú rẹ̀, bí ẹ bá wò ó láti ọ̀nà jíjìn.

Lọ́dọ̀ wa, bí aṣọ bá já lára àgbà níwájú àlejò, ẹni tó wà nítòsí á kọ́kọ́ bò ó, kó tó di pé à ń bi ara wa léèrè ohun tó já a. A kì í kọ́ ọmọ ní èyí. Ó máa ń bá a nílé ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ márùn-ún. Mo kà wọ́n sí i létí: ojú, aṣọ, igi, iṣu, ìlẹ̀kẹ̀. A ní kó fi wọ́n sọ́kàn. A bi í ní nǹkan mìíràn, lẹ́yìn náà a ní kó kà wọ́n padà fún wa. Ó fi ọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù ti máa ń bà á gan-an. Ni ìyàwó rẹ̀ bá dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn ọ̀dọ́bìnrin náà, ó fi ìka kan ojú ara rẹ̀.

"Ojú," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ìyàwó fa ìró rẹ̀. "Aṣọ." Ó gbé ojú sókè wo máńgòrò. "Igi." Ti iṣu nira, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ti ń pariwo Orí Irin láti ìgbà èwe wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín èrò, ó ń fi ọwọ́ lásán kọ ebè. "Iṣu!" Tata ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ fi nǹkan pamọ́, ó di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ mú, ó mì ín. "Ìlẹ̀kẹ̀!"

Èrò pàtẹ́wọ́. "Orí Irin! Orí Irin!" Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà, tí kò gbé ojú kúrò lórí bébà rẹ̀, kọ márùn-ún nínú márùn-ún. "Bravo, tonton," ó wí fún un.

A bò ó tán. Àwa tí a fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn, àwa náà la fi ọwọ́ ara wa jẹ́rìí pé ara rẹ̀ le.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkàn mi kò gbà á mọ́. Mo lọ bá ọ̀dọ́bìnrin náà, mo sọ ohun gbogbo fún un. "Tonton," ó wí, "kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níbẹ̀?" Nínú gbogbo ìbéèrè ìwádìí náà, èyí ló dára jù. Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ olórí. Mo ní fíṣì yẹn kò dára, ẹ fagi lé e, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe: ẹ̀gbọ́n mi nìkan nínú yàrá, pẹ̀lú ògbufọ̀ mìíràn tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀. Ó tilẹ̀ bu omi fún mi mu.

Ó ní, "Monsieur, fíṣì tí a bá ti pa dé, a kì í ṣí i mọ́. Àti pé èsì tó dára kọ́ là ń fagi lé."

Mo kọ lẹ́tà. Mo kọ ti aṣọ́lé Sanson sí i, mo kọ ti ewúrẹ́, ti òdo rìbìtì, ti ọ̀rọ̀ márùn-ún, mo sì fọwọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nísàlẹ̀. Mo kọ èkejì. Mo kọ ẹ̀kẹta. Ohun tó padà wá bá mi ni ìwé tó ń dán.

A gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Parakou. Ó gbọ́ ẹnu wa, ó ṣí ìwé náà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní wọ́n ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí, bọ́ọ̀lù kọ́. Kó máa sinmi, kó sì máa mu omi dáadáa. Omi, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn náà làwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó dé láti Savè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé fóònù síwájú mi. "Ẹ wò ó, àna wa. Ìwé ní orí wọn pé. Ẹ̀yin náà lẹ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ròyìn fún wa. Donc, a jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Ìyàwó ń bẹ iṣu. Kò gbójú sókè. "Ìwé lẹ kà, ẹ̀gbọ́n. Orí náà ni èmi ń bá gbé."

"Orí tó pé?"

"Orí tó ń bi mí ní orúkọ mi láràárọ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún un. Ó máa ń ní orúkọ náà dára."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gba ìwé gbọ́ ni, bí èmi náà ṣe gbà á gbọ́ rí. Ó ní, "Bí ẹ bá ká kajú tán, tí kò sí ìwé mìíràn, a ó wá mú ọ lọ."

Kajú ti ń tanná báyìí. Bí obìnrin yìí bá lọ, n kò mọ ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi yóò máa bi ní orúkọ rẹ̀ láàárọ̀, n kò sì mọ ẹni tí yóò wá a rí ní ọ̀nà Kika.

Mo ti jẹ́wọ́ tèmi. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀, èmi ni mo sọ ọ́. Ìyá wa tó ti kú, èmi ni mo sọ ọ́ di oko. Ẹ̀yin ńkọ́? Dókítà, kí ló dé tí ẹ mọ̀ pé fíṣì yẹn kò dára, tí ẹ sì kà á mọ́ èyí tó dára? Ta ló gbà pé kí ẹni tó ń tọ́jú àwọn ẹgbẹ́ wá fi ìwé ẹgbẹ́ jẹ́rìí fún ara rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ tẹ ìwé yìí jáde, tí ẹ ya ọmọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín sí i lára, ta nínú yín ló ka lẹ́tà mẹ́ta tí mo kọ? Ta ni yóò lọ jókòó ti aṣọ́lé Sanson lábẹ́ igi kajú rẹ̀, kó sọ fún un lójú pé kò fẹ́ kópa? Mo fẹ́ èsì, mo fẹ́ ẹ ní kíkọ, mo sì fẹ́ ẹ kí kajú tó tán. Ẹ wá sí Tchaourou ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, sábẹ́ igi máńgòrò kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi á wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á gbé e wá. Bí ẹ kò bá yọjú, fíṣì kan ṣì kù lọ́wọ́ mi, ẹ sì ti kọ́ mi ní ohun tí wọ́n ń kọ síwájú orúkọ ẹni tí kò wá. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kí n kọ nìyẹn?